Àìsàn ọpọlọ àti iṣẹ́: Ṣé ó dìgbà tára bá yá tán pátápátá kéèyàn tó padà?

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé tí wèrè bá ti wọ ọjà, kò gbóògùn mọ́. A gbọ́ ọ láti kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná. Kí ni ọjà? Ibi tá a ti ń ṣòwò ni, ibi tá a ti ń wá jíjẹ mímu, ibi tá a ti ń pàdé èèyàn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé ẹni tí orí ẹ̀ bá ti dàrú lójú gbogbo ayé, kò sí àyè fún un mọ́ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jẹun. Àmọ́ ohun tí ìwádìí fi hàn yàtọ̀ gan-an sí ìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣẹ́ wà lára ohun tó ń mú kí ara yá, tí wọ́n bá padà sí i lọ́nà tó yẹ.

Ká ní obìnrin kan wà n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń dá oníbàárà lóhùn ní ọ́fíìsì kan. Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ó ti tó oṣù méjì tó ti wà nílé. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní depression, ló dá a dùbúlẹ̀. Kò rí oorun sùn, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀, kò sì rí ohun tóun ń gbé ayé fún mọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, dókítà kọ oògùn fún un, ara ẹ̀ sì ti ń bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ó máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù, ìbéèrè tí wọ́n máa bi í ni: "Ibo lo wà látọjọ́ yìí? Kí ló ṣe ẹ́ gan-an?" Ẹ̀rù kejì tún wà níbẹ̀: tí ọpọlọ òun ò bá jí pépé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ńkọ́?

Ẹ̀rù méjèèjì ló nídìí. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ohun táwọn èèyàn rò

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ṣírò pé lọ́dún 2019, nínú àgbàlagbà 100 tọ́jọ́ orí wọn tó iṣẹ́ ṣe, bíi 15 ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Wọ́n tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn àṣejù nìkan ń jẹ bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Torí náà, ní ọ́fíìsì tí èèyàn ogún ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa gbé ẹrù yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí wọn ò fi ń sọ? Lọ́dún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn gbé ìwádìí kan jáde. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá èèyàn 2,040 lẹ́nu wò. Nínú 100, ó lé ní 96 tó sọ pé eléwu làwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, pé wọ́n lè ṣèèyàn léṣe. Bíi 83 sọ pé ẹ̀rù á ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ lásán o! Ta ló máa gbọ́ ìyẹn táá sì wá la ẹnu ẹ̀ ní ọ́fíìsì?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tá a rí ní títì láìwọṣọ la fi ń wọn gbogbo wọn. A kì í mọ̀ nípa tíṣà, nọ́ọ̀sì, télọ̀ àti akáǹtáǹtì tó ń lo oògùn ẹ̀ lálaalẹ́, tó sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ara wọn balẹ̀, ìdí nìyẹn tá ò fi mọ̀ wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Ó wá ku ẹ̀rù kejì. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tí ara ẹ̀ ò yá lè gba owó ẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan, tí dókítà bá ti kọ̀wé jẹ́rìí sí i. Fún ibà, ìyẹn tó, ó tún ṣẹ́ kù. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ serotonin pọ̀ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan péré. Síbẹ̀ ara kì í yá lọ́jọ́ yẹn, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní láti tún ara wọn tò kí wọ́n lè bá àyípadà yẹn mu. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kéèyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oògùn náà tó ṣiṣẹ́ débi tó yẹ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: ọjọ́ iṣẹ́ 12 kò ju ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ lọ. Ìsinmi ti ń tán lọ nígbà tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: gbogbo nǹkan kì í bọ̀ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Oorun àti oúnjẹ lè kọ́kọ́ dáa, ìbànújẹ́ á wá máa fúyẹ́. Àmọ́ agbára láti pọkàn pọ̀, láti rántí nǹkan, láti tètè ṣèpinnu lè wà lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ó dà bí ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú POP, eegun ti so, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti rù, agbára ẹ̀ ti dín kù. Kò sẹ́ni tó máa ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ẹsẹ̀ náà ti bà jẹ́. Torí náà, tí obìnrin wa bá ka lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun ti di ọ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú POP ló fi ń rìn.

Ṣé kó kúkú dúró sílé ni?

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ó dáa, kó jókòó sílé títí gbogbo ẹ̀ á fi pé. Ó jọ ọgbọ́n. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta.

Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti lọ kọ́ nípa ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sibítù Àrò. Dípò kó máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn ará abúlé tó wà lágbègbè ọsibítù náà ṣe àdéhùn. Aláìsàn á máa gbé láàárín wọn, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan, ó kéré tán, á sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Á lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù, á sì padà wá bá wọn lọ́wọ́ sí ohun tí agbára ẹ̀ bá gbé, nínú oko àti nínú ilé. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ètò yìí, Lambo fúnra ẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO lọ́dún 1973. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe o. Kò ní kí aláìsàn yá tán kó tó padà sáàárín èèyàn. Àárín èèyàn gan-an ló ti ń yá.

Ẹ lè ní abúlé nìyẹn, ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sí ti òde òní. Láwọn ọdún 1990, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire l'Amẹ́ríkà, Robert Drake àti Deborah Becker gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ IPS. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ tó le á kọ́kọ́ pẹ́ lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. IPS yí i po: ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ bá a wá iṣẹ́ gidi kíákíá, tó lówó gidi, tó sì wù ú. Kí ẹnì kan wá dúró tì í lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí dókítà sì máa bá ìtọ́jú ẹ̀ lọ.

Wọ́n dán an wò nílùú mẹ́fà ní Yúróòpù, títí kan London, Zurich àti Sofia. Àwọn 312 tó ní àìsàn ọpọlọ tó le, irú bíi schizophrenia àti bipolar, ló kópa. Wọ́n fi apá kan sínú IPS, wọ́n fi apá kejì sínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2007 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Láàárín ọdún kan àtààbọ̀, nínú 100 tó wà nínú IPS, 55 ló ríṣẹ́ ṣe. Lápá kejì, 28 ni. Ohun tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni ti ọsibítù. Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo èèyàn ni pé iṣẹ́ máa tún dá wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn 20 nínú 100 ló padà sọ́sibítù lápá IPS, 31 sì ni lápá kejì. Àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ kíákíá ò dùbúlẹ̀ ju àwọn tó ń dúró lọ, kódà wọ́n dín díẹ̀.

Kí ló fà á? Iṣẹ́ ń fún èèyàn ní ìdí láti jí láàárọ̀. Ó ń mú owó wọlé, ó ń mú èèyàn bá èèyàn pàdé, ó sì ń mú kéèyàn jẹ́ nǹkan míì yàtọ̀ sí aláìsàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ o. Ibi tí ọ̀gá ti ń bú èèyàn láràárọ̀, tí wọn kì í sanwó, tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn sinmi, irú ibẹ̀ lè sọ ẹni tí ara ẹ̀ le di aláìsàn. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti kó àìsàn náà, ibòmíì lẹ máa wá, tí agbára bá ti wà.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Báwo lobìnrin wa á ṣe wá padà? Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 2010, dókítà lè kọ̀wé fún òṣìṣẹ́ pé ẹni yìí lè ṣiṣẹ́, tí ẹ bá ṣe nǹkan báyìí fún un. Nǹkan mẹ́rin ló wà lórí ìwé náà: kó máa padà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n yí aago iṣẹ́ ẹ̀ padà, kí wọ́n yí ohun tó ń ṣe padà, tàbí kí wọ́n tún ibi iṣẹ́ ṣe fún un. Àwa ò ní irú fọ́ọ̀mù yẹn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní ká má bẹ dókítà pé kó kọ lẹ́tà tó sọ ohun kan náà.

Fún obìnrin wa, ó lè rí báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láago mẹ́wàá sí aago méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ márùn-ún, àmọ́ kó máa tètè lọ sílé. Kó má tíì dojú kọ oníbàárà tó ń pariwo, kó kọ́kọ́ máa ṣètò ìwé lẹ́yìn. Kí ọ̀gá máa kọ iṣẹ́ tó bá rán an sílẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá kàn fẹnu sọ lè fò ó. Kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ rí dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Kò sí èyí tó ń ná wọn lówó ńlá nínú gbogbo ẹ̀.

Kò pọn dandan kó rò fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ni ẹni tó lè yí nǹkan padà: ọ̀gá tó wà lókè ẹ̀ tàbí HR. Kò sì dìgbà tó bá dárúkọ àìsàn náà. Ó lè sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ara mi ò yá fún ìgbà díẹ̀, dókítà ṣì ń tọ́jú mi. Mo ti lè ṣiṣẹ́ báyìí, àmọ́ nǹkan mẹ́ta yìí ló máa ràn mí lọ́wọ́." Fún àwọn tó kù, kó ti múra èsì kan sílẹ̀ látilé: "Ara mi ò yá ni, mo ti ń gbádùn báyìí, ẹ ṣeun." Kó rẹ́rìn-ín, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òfin náà ti yí padà díẹ̀. Òfin tá à ń lò tẹ́lẹ̀ ti wà látayé àwọn òyìnbó amúnisìn, "wèrè" sì lorúkọ tó pe aláìsàn. Ní oṣù January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó ní kí wọ́n má ṣe dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni torí àìsàn ọpọlọ, títí kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Lílo òfin náà ṣì jẹ́ ìjà lọ́tọ̀, àmọ́ ó dáa kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà.

Oorun àti oògùn

Nínú ọpọlọ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà, wọ́n tó nǹkan bí 20,000, tí wọ́n ń ṣe bí aago fún gbogbo ara. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú wa ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú. Tí aago yìí bá dàrú, oorun á dàrú. Fún ẹni tó ní bipolar, àìrí oorun sùn fún alẹ́ mélòó kan lè tó láti dá àìsàn náà padà. Torí náà, iṣẹ́ òru, tàbí ṣífítì tó ń yí láti ọ̀sàn sí òru, wà lára ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ yín kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti tó ó sùn. Kó gbé fóònù sílẹ̀ jàre.

Àwọn oògùn kan, bí olanzapine àti quetiapine, máa ń mú oorun kunni. Tí ẹ bá ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè yí aago tẹ́ ẹ̀ ń lò ó padà tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó ń lo lithium ní láti ṣọ́ra fún oòrùn gangan, torí tí omi ara bá gbẹ, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì léwu. Ibuprofen náà lè fa irú ẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa, owó oṣù ti wọlé, wọ́n á ní, "Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?" Nígbà míì, ẹlòmíì ló máa sọ fún wọn pé lílo oògùn fi hàn pé wọn ò nígbàgbọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 104 tí schizophrenia tàbí àìsàn tó jọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nígbà àkọ́kọ́. Àwọn tó dá oògùn dúró fúnra wọn, ewu pé kí àìsàn náà padà fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju ti àwọn tó ń lò ó lọ. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà, àwọn dókítà sábà máa ń ní kéèyàn máa lò ó fún bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tára bá ti yá. Ara tó yá yẹn, oògùn wà lára ohun tó gbé e dúró. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ̀yin àti dókítà ni kẹ́ ẹ jọ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí kò ní ọ̀gá ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní HR. Ẹ̀ ń ránṣọ, ẹ̀ ń ṣe POS, ẹ̀ ń ta nǹkan lórí Instagram, tàbí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Tẹ́ ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò sówó. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ HR ara yín. Télọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe aṣọ, kó má gba aṣọ ìyàwó tó ní déètì lóṣù àkọ́kọ́. Ẹ wá ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tàbí ọkọ, tó mọ àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ tí nǹkan bá fẹ́ dàrú. Kálukú ló ní tiẹ̀: oorun tó ń sá, ọ̀rọ̀ tó ń yára jù, owó tó ń ná ní ìnákúnàá, ìwẹ̀ tí kò wù ú wẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tára yá, ẹ fún ẹni yẹn ní nọ́ńbà ọsibítù. Tí èrò pé kẹ́ ẹ pa ara yín bá ń wá, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì gbé yín lọ sọ́sibítù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà, iṣẹ́ tiyín kéré, ó sì tóbi. Ẹ má bi í ní ìbéèrè tẹ́ ò lè bi ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ má máa wò ó bíi pé ó máa bú gbàù. Ẹ kí i káàbọ̀, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ò sí fún un, ẹ pè é tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹun lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin wa máa wọ ọkọ̀. Ọkàn ẹ̀ á máa lù kìkì. Ara ẹ̀ ò tíì yá tán, kò sì yẹ kó dúró dìgbà yẹn. Oògùn ẹ̀ wà nílé, lẹ́tà dókítà wà nínú báàgì, ago méjì ọ̀sàn ló máa kúrò níbẹ̀. Ọjà ló ń lọ yẹn.